Kòtò Méjì, Orúkọ Kan

Nígbà tí mo fẹ́ kọ́lé, bíríkìlà sàmì kòtò méjì sẹ́yìnkùlé. Mo bi í pé kí ni wọ́n. Ó ní, "Ọ̀gá, sókàwéè ni." Èwo nínú méjèèjì? "Àwọn méjèèjì ni, sà."

Iṣẹ́ wọn kò sì jọra rárá. Èkíní, tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí a rẹ́ kó má baà jò, ni omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́kọ́ ń wọ̀. Ìdọ̀tí á silẹ̀ níbẹ̀ bí erùpẹ̀ ti ń silẹ̀ nínú àmù. Ọ̀rá á léfòó, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á wà nísàlẹ̀, omi àárín ni páìpù ń gbé lọ sí kòtò kejì, kí ilẹ̀ lè mu ún.

Donald Cameron, ẹnjiníà ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ èkíní ní sẹ́pítíìkì ní nǹkan bí 1895. Jíjẹrà ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ti wá túmọ̀ sí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè é ní àgbá ní Yorùbá, ṣùgbọ́n àgbá là ń yí, kòtò là ń gbẹ́. Kòtò ìjẹrà ni mo pè é, mo sì pe èkejì ní kòtò amumi.

Ọ̀rọ̀ tó ń pa wá lára jù ni "ó ti kún". Lára ṣáláńgá la ti kọ́ ọ: ó kún, a dí i, a gbẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n kíkún ni ìṣe kòtò ìjẹrà. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tí omi rẹ̀ fi ń dé ojú páìpù. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló yẹ ká máa wò, ká sì pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ láàárín ọdún 3 sí 5. Ẹni tó bá dúró títí omi fi padà sókè nínú ilé ìwẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ti kọjá sínú amumi, kó ti dí ojú ilẹ̀ pa.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ́ kí ìdọ̀tí inú kòtò ìjẹrà rà. Onílé tó bá gbọ́ "kòkòrò" á sáré da apakòkòrò sí i, nítorí ọ̀tá ni kòkòrò lójú wa. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní amújẹrà.

Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó máa ń ní kí kànga fi ẹsẹ̀ bàtà 100 jìnnà sí amumi, pulọ́ọ̀tì wa kì í sì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú àti 120 lóròó lọ. Omi tí ilẹ̀ mu lọ́dọ̀ mi lè jáde nínú kànga aládùúgbò, pẹ̀lú onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun.

Mo sọ orúkọ méjèèjì fún bíríkìlà náà. Ó wo ojú àmì rẹ̀, ó wo ọ̀kánkán kànga tó wà lẹ́yìn ògiri. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ibi tí amumi yìí máa wà." Ó lọ mú téèpù.