Iná ẹ̀yìn mọ́tò lójú ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́, láti ìgbà Ìjàpá dé ìgbà Toyota

Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn nǹkan kékeré kan tí kò ju àtàńpàkò lọ la mú wá: suwíìṣì tó ń tan iná pupa ẹ̀yìn mọ́tò nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Paraku àti Malanville ni àwa ará Bessé ń bá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù pín. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, awakọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn yín kò lè rí ẹsẹ̀ yín lórí bíréèkì. Iná yẹn nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti rélùwéè sílẹ̀. Mọ́tò tí àwọn bàbá wa mọ̀ jù ni Peugeot 404, lẹ́yìn náà 504 tó jáde ní 1968. Ní 1975, tí orúkọ orílẹ̀-èdè wa kúrò ní Dahomey tó di Bẹ̀nẹ̀, ni ẹ̀yin ará Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí ẹ sì ń to Volkswagen Ìjàpá pọ̀ ní Èkó.

Nínú Ìjàpá, suwíìṣì iná bíréèkì kò sí lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀ rárá. Ara irin tí epo bíréèkì ń gbà kọjá ni wọ́n dè é mọ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára epo yẹn ló ń pa wáyà méjì pọ̀ nínú rẹ̀, iná á sì tàn. Nítorí náà, bí iná bá kọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá suwíìṣì ń jo epo. Bó bá sì tú u, afẹ́fẹ́ lè wọ inú epo. Àfi kó fa afẹ́fẹ́ náà jáde kí bíréèkì tó le padà. Iṣẹ́ iná á di iṣẹ́ bíréèkì.

Èbúté Kútọnu, tó ṣí ní 1965, ni mọ́tò àlòkù wá ń gbà wọlé láti òkè òkun. Púpọ̀ nínú wọn ń kọjá lọ di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ìjọba Nàìjíríà tó fòfin de gbígbé mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù Kìíní 2017. Àwọn mìíràn ń dúró sọ́dọ̀ wa. Nínú Toyota wọ̀nyí, suwíìṣì ti kúrò lára epo, ó ti dé orí apá pẹ́dáàlì. Bí pẹ́dáàlì bá wà lókè, ó ń tẹ ọ̀pá kékeré suwíìṣì mọ́lẹ̀, iná á kú. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dáàlì, ọ̀pá náà á yọ jáde, iná á tàn.

Ibẹ̀ ni ojú tiwa ti rí màbo. Lójoojúmọ́ ni bátìrì mọ́tò wa ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní bátìrì ti gbó, a ra tuntun. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun náà ti kú. Ọmọ kékeré kan ló sọ fún wa pé iná pupa ẹ̀yìn ń tàn lóru. Bàbá àgbà kan tó ń ṣe iná mọ́tò (rewáyà ni ẹ̀yin ń pè é) kò mú irinṣẹ́ kankan. Ó kàn kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ abẹ́ pẹ́dáàlì, ó sì ṣa èérún ike jáde. Bọ́tìnnì ike kan máa ń wà lára apá pẹ́dáàlì, òun ni ọ̀pá suwíìṣì ń gún. Ooru àti ọjọ́ orí ti fọ́ ọ, ọ̀pá sì ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá. Suwíìṣì rò pé ẹsẹ̀ wa ṣì wà lórí bíréèkì. Bóòtù kékeré kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló fi dí ihò náà.

A bi í léèrè bí iná bá kọ̀ láti tàn ńkọ́. Ó ní fíúsì ni ká kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà gílóòbù. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1986 ní iná kẹta lókè láàárín ẹ̀yìn: bí ìyẹn bá ń tàn tí méjì ìsàlẹ̀ kú, suwíìṣì kò jẹ̀bi. Bí gbogbo wọn bá kú, ẹ yọ wáyà suwíìṣì, kí ẹ fi wáyà kékeré so ojú méjèèjì pọ̀. Bí iná bá tàn, suwíìṣì ló bàjẹ́. Bí kò bá tàn, ìṣòro wà nínú wáyà tàbí níbi tó ti so mọ́ irin ara mọ́tò. Mọ́tò tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ lè kọ̀ láti kúrò ní P nítorí suwíìṣì yìí kan náà. Ohun kan ló mú un bínú: àwọn tó ń fi wáyà bàbà dípò fíúsì. Mọ́tò jíjó ni wọ́n ń wá.

Kí ẹ sì má rò pé èdè yà wá. Ní garáàjì tiwa, tó ń sọ Faransé, contacteur de stop ni orúkọ suwíìṣì náà. “Stop” ọ̀hún, Gẹ̀ẹ́sì tiyín ni.

Bátìrì tuntun ṣì wà nínú mọ́tò. Ògbólógbòó tí wọ́n ní ó ti kú ló ń tan iná yàrá wa títí di òní.