Mechthild ará Pfalz àti yunifásítì méjì tí kò jẹ́ orúkọ rẹ̀

Orúkọ ọkùnrin ni yunifásítì Freiburg àti ti Tübingen, ní gúúsù Jámánì, ń jẹ́ títí dòní. Albert àti Ludwig ni wọ́n fi sọ ti Freiburg. Eberhard àti Karl ni wọ́n fi sọ ti Tübingen. Albert yìí, tí àwọn Jámánì tún ń pè ní Albrecht, ọkọ obìnrin kan ni. Ọmọ bíbí inú obìnrin náà sì ni Eberhard. Mechthild lorúkọ obìnrin ọ̀hún.

Ọdún 1419 ni wọ́n bí i sí Heidelberg, olú ìlú ilẹ̀ Pfalz. Ruprecht, bàbá bàbá rẹ̀, ti jọba Jámánì láti 1400 sí 1410. Ludwig Kẹta, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè méje tó ń yan ọba. Ìdílé yìí kan náà ló dá yunifásítì Heidelberg sílẹ̀ lọ́dún 1386, Ludwig sì pín àwọn ìwé rẹ̀ mọ́ ogún fún yunifásítì náà. Inú ilé tí ìwé kì í ṣe àjèjì ni Mechthild ti dàgbà.

Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí wọ́n ti fẹ́ ẹ sọ́nà fún ìjòyè Württemberg, Ludwig, tí òun náà ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn lọ́dún 1436, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún. Ọdún 1450 ni ọkọ kú, Mechthild sì di opó ní ọmọ ọdún 31. Ulrich, àbúrò ọkọ rẹ̀, àti Friedrich, àbúrò Mechthild fúnra rẹ̀, wá ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa ṣe alágbàtọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jẹ́ ti Mechthild. Lójú àṣà àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà, wọ́n máa ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìyàwó, èyí tí yóò máa jẹ nínú rẹ̀ bí ọkọ bá ṣaláìsí. Böblingen àti Sindelfingen wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Mechthild. Kí òǹkàwé fi Sindelfingen sọ́kàn.

Lọ́dún 1452 ó fẹ́ Albrecht Kẹfà, ọmọ ọba ilẹ̀ Austria. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1457, Albrecht fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ yunifásítì Freiburg, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1460. Àwọn òpìtàn Jámánì gbà pé ìmọ̀ràn ìyàwó wà lára ohun tó sún ọkọ sí iṣẹ́ náà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí Mechthild ni ọmọ Heidelberg, òun ló mọ ohun tí yunifásítì lè sọ ìlú dà. Wọn kò bímọ fún ara wọn. Albrecht padà sí Austria láti lọ jà fún ogún ìdílé rẹ̀, ó sì kú sí Vienna ní 1463.

Mechthild kò bá a lọ. Ìlú Rottenburg, létí odò Neckar, ló jókòó sí, ó sì sọ ààfin rẹ̀ di ibùdó àwọn òǹkọ̀wé. Akéwì Hermann von Sachsenheim kọ iṣẹ́ fún un. Niklas von Wyle, akọ̀wé ìlú Esslingen, ń túmọ̀ ìwé láti Látìnì sí èdè Jámánì, ó sì ya díẹ̀ nínú wọn sí i lórúkọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Jakob Püterich ló jẹ́ ká rí inú ilé obìnrin yìí dáadáa. Ọlọ́lá Bavaria kan ni Püterich, ìwé àtijọ́ ló sì máa ń ṣà jọ káàkiri. Lọ́dún 1462 ó kọ lẹ́tà ewì sí Mechthild. Ó ti gba àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 94. Nínú wọn, 23 ni òun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìwé kò mọ̀. Ká rántí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé kọ nígbà náà, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Owó ńlá ni ìwé 94, ìfẹ́ ìwé ló sì mú un ná an.

Eberhard, ọmọ rẹ̀, ti ń ṣàkóso Württemberg láti 1459. Kò gbọ́ Látìnì, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni ní gbogbo yunifásítì ayé ìgbà náà, síbẹ̀ ó fẹ́ kí ilẹ̀ òun ní yunifásítì. Níbo ni owó oṣù àwọn olùkọ́ yóò ti wá? Sindelfingen, ilẹ̀ opó Mechthild, ló dáhùn. Ilé ìjọsìn ńlá kan wà níbẹ̀ tó ní ẹgbẹ́ àlùfáà tirẹ̀, tí owó ilẹ̀ àti ìdámẹ́wàá ń wọlé fún. Mechthild gbà kí wọ́n kó àyè àlùfáà mẹ́jọ àti ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé lọ sí ilé ìjọsìn Saint George ní Tübingen. Póòpù Sixtus Kẹrin fọwọ́ sí i lọ́dún 1476, yunifásítì sì ṣílẹ̀kùn ní 1477. Owó yìí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láìsí i, ìwé àṣẹ lásán ni póòpù ìbá kọ. Òtítọ́ tó korò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ ká fi pamọ́: lọ́dún 1477 náà gan-an ni Eberhard pàṣẹ pé àwọn Júù kò gbọdọ̀ gbé Tübingen mọ́.

Mechthild kú ní Heidelberg, níbi tí wọ́n bí i sí, lóṣù kẹjọ ọdún 1482. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sin ín sí, ní ilé àwọn mọ́ǹkì ní Güterstein. Lọ́dún 1554 wọ́n gbé òkú àwọn méjèèjì àti ère òkúta orí sàréè wọn wá sí Tübingen. Ibẹ̀ ni wọ́n wà di òní, nínú ilé ìjọsìn Saint George, èyí tó gba àwọn àlùfáà Sindelfingen àti owó wọn.