Kíka Àyọkà fún Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ní Òkè-Ògùn

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ ní Ṣakí àti ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn gbé síléètì. Àmọ́ àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, ń dúró dè wọ́n níwájú pẹ̀lú àyọkà Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni a kọ́ wọn? Àkọ́sórí. Ọmọ á ka àyọkà já geere bí ayékòótọ́, kò ní mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń wí.

Mọdákẹ́kẹ́ ni a ti rí ọ̀nà mìíràn. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Iṣẹ́ kan péré ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún wọn. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń tọ kókó ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ní èdè tiwọn.

Lónìí, ọmọ Òkè-Ògùn tí ó fẹ́ kàwé ní Ìlú Ọba lè tún bá IELTS pàdé: àyọkà 3, ìbéèrè 40, ìṣẹ́jú 60. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi gboyè ná o! Ẹ̀yin olùkọ́, mélòó nínú wa ni ó ti fún un ní àyọkà Yorùbá rí, tí a ní kí ó bá òǹkọ̀wé jiyàn?