Oko Ni àbí Ọkọ̀?

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi, ẹ jẹ́ n ka ìlà kan fún yín nínú ìwé kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì ti ya níbi tí wọ́n ti ń ká a. Ní 1978, nígbà tí ara bàbá àgbà mi ò le mọ́, ó lọ bá akọ̀wé kan ní Dùgbẹ̀ pé kó bá òun fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ogún. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ rèé: "Mo fi oko mi fun Lasisi ki o le ma toju awon aburo re."

Oko wo? Bàbá ní oko kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́. Bàbá tún ní ọkọ̀, bọ́ọ̀lẹ́kájà kan tó fi owó kòkó rà. Lásísì yìí ni bàbá mi, òun ni àkọ́bí ọkùnrin. Bàbá mi ní oko ni. Àbúrò rẹ̀, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ní ọkọ̀ ni, nítorí pé òun lòun ń bá bàbá ro oko láti kékeré. Àwọn àgbà ẹbí jókòó títí, wọ́n ní kí Bàbá Kékeré máa mú oko lọ, kí bàbá mi gba ọkọ̀. Kò pé ọdún méjì tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà fi nọ́ọ̀kì. Wọ́n tà á ní àlòkù irin. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ò jọ jẹun mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun kékeré yẹn tí à ń fi sí abẹ́ e àti o. Mo fẹ́ mọ̀ ibi tó ti wá àti bó ṣe sọnù nínú ìwé bàbá wa.

Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Lẹ́tà tí àwọn òyìnbó gbà lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù kò ní ju márùn-ún lọ fún iṣẹ́ yẹn. Ti Lárúbáwá tún kéré sí i, àmì mẹ́ta péré ló wà fún fáwẹ́lì kúkúrú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá sílẹ̀, yálà àlùfáà mọ̀lébí tàbí míṣọ́nnárì, ó gbọ́dọ̀ wá ibi tó máa fi ìyókù pa mọ́ sí.

Ilẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, ìyẹn ní Sàró. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ. Ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, gbogbo wọn dàpọ̀ síbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n ní Akú nítorí "ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Àjàyí Crowther wà lára wọn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822. Ní 1843, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1852. Ní 1855, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Lepsius, gbé ìwé Standard Alphabet jáde. Ìlànà rẹ̀ ni pé bí lẹ́tà ò bá tó, kí á má wá lẹ́tà tuntun, kí á fi àmì sí èyí tó wà nílẹ̀. Ìjọ CMS gbà á. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, Crowther wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sì ni wọ́n fi kọ Yorùbá fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Crowther, ohùn Ọ̀yọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí à ń kọ. Ọmọ kíláàsì mi kan tó wá láti Èkìtì máa ń pe ilé ní "ulé", iṣu ní "uṣu". A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé fáwẹ́lì u ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn ò sọ ọ́. Ká ní Èkìtì ni Crowther ni, bóyá àwa là bá máa gba ẹ̀fẹ̀.

Àkọtọ́ tí a wá ń lò báyìí, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ló ti rí ìrànlọ́wọ́ ńlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965. Ìgbìmọ̀ kan jókòó ní 1966, àbọ̀ wọn jáde ní 1969, nígbà tó sì di 1974 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. "Aiye" di ayé, "enia" di ènìyàn, "ẹiyẹ" di ẹyẹ, "olopa" sì di ọlọ́pàá. Wọ́n ní ohun tí etí bá gbọ́ ni kí ọwọ́ kọ, tí fáwẹ́lì bá fà, kí á kọ ọ́ ní méjì. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé Dùgbẹ̀ ò gbọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn àkọtọ́ tuntun, "enia" ló ṣì ń tẹ̀. N kò bá a wí o. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ fún, kò sí ẹ kò sí ọ níbẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó gbọ́dọ̀ mú bírò kó máa tọ́ àmì sí abẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé bàbá wà lọ́wọ́ mi báyìí: ìlà kìn-ín-ní, "Ẹyin ọmọ mi", bírò wà níbẹ̀ dáadáa. Láti ìlà kejì lọ, kò sí nǹkan kan. Bóyá àwọn oníbàárà ti tò sẹ́yìn.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣàyẹ̀wò ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ti jẹ lára àmì abẹ́ rẹ̀, ẹ sì mọ bí a ṣe ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù.

Ẹnì kan yóò ní àmì ohùn ńkọ́, torí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá ò kúkú ní ọkọ tó máa fún èèyàn, kò sì sẹ́ni tó máa torí ọkọ́ kan ṣoṣo kọ ìwé ogún. Àmì abẹ́ kan péré ì bá ti parí ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mò ń gbé ní Bódìjà. Ìyá Bódìjà là ń pè é. Ọmọ ayálégbé wọn kan, ọmọ ọdún méje, ni mò ń kọ́ ní Yorùbá nírọ̀lẹ́. Ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ, tó bá rí "ewé" á pè é ní "íwé", torí "íì" ni wọ́n kọ́ ọ pé lẹ́tà yẹn ń jẹ́. Lọ́jọ́ kan mo kọ oko àti ọkọ̀ fún un lára ògiri. Ìyá Bódìjà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n wo ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ bàbá yín lẹ tún kọ síbẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Ta ló mú bàbá lọ sí Dùgbẹ̀? Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú. Etí mi báyìí ni wọ́n fi sọ ọ́ fún akọ̀wé."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ọkọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹbí, bàbá ẹ ní mo gbè sẹ́yìn àbúrò ẹ̀. Ó ní ìwé lòun máa gbà, òun ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọdún mẹ́fà ni ò fi kí mi."

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ, ẹnu wọn sì ṣí dáadáa lórí ọ méjèèjì: ọkọ̀.

Láti kékeré ni bàbá mi ti ń sọ fún wa pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá kí mi ní Bódìjà. Ìwé náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.