Ìwé Ẹ̀rí Olùkọ́: Láti Orí Ìjàzá Dé Orí PGDE

  

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ lo wàláà ní Ìwéré-Ilé níbí nígbà tí a wà ní kékeré. Ọlọ́hun ṣe oore fún un, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, ó sì lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Nígbà tí ó padà dé, ó gbé ìwé rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n ní dìgírì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ di olùkọ́. Wọ́n ní kí ó lọ gba PGDE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ tí ẹni tí ó ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀ máa ń kà lé e. Áfáà wa tí wọ́n kọ́ àwa méjèèjì ní kéwú gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ni o lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wá là á yé mi. Ẹni tí ó há Àlùkùránì sórí, tí ó tún ka ìwé dé òkè òkun, ìwé wo ló kù kí ó tó lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà?" Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́, ó yà wọ́n lẹ́nu ni. N kò rí èsì gidi fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ béèrè ìwé lọ́wọ́ olùkọ́. Àwọn aṣíwájú wa ní ìjàzá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ á jókòó ti onímímọ̀, á ka ìwé kan níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, onímímọ̀ náà á wá kọ ọ́ fún un pé òun yọ̀ǹda kí ó máa fi ìwé yìí kọ́ ẹlòmíràn. Á tún dárúkọ ẹni tí ó kọ́ òun náà, àti ẹni tí ó kọ́ onítọ̀hún. Nígbà tí wọ́n ṣí Nizamiyya ní Bagdad ní ọdún 1067, ìjọba ni ó ń yan olùkọ́ ibẹ̀, tí ó sì ń san owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fi Imam al-Ghazali sí ní 1091. Síbẹ̀, ọwọ́ onímímọ̀ ni ìjàzá ti ń jáde, kì í ṣe ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó sì ń sọ ni pé ọkùnrin yìí mọ ìwé yìí. Bóyá ó mọ bí a ṣe ń fi í yé ọmọ kékeré, ìjàzá kì í sọ ìyẹn.

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn ni Ibn Sahnun, ọmọ ìlú Qayrawan ní ilẹ̀ Tunisia, tí ó kú ní 870. Ó kọ ìwé kékeré kan nípa ìwà àti iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó ní kí olùkọ́ má ṣe ya ọmọ olówó sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tálákà. Ó ní kí ó má na ọmọ kọjá ẹgba mẹ́ta láìjẹ́ pé bàbá ọmọ yọ̀ǹda. Ó ní kò gbọdọ̀ máa rán ọmọ ní iṣẹ́ ti ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi iṣẹ́ mìíràn gba àkókò wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: bí wọ́n bá ka ìwé yìí síwájú àwa tí a ń kọ́ kéwú ní Òkè-Ògùn, ojú á ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Ta ni kò tíì kó ọmọ kéwú lọ sóko rí? Ibn Khaldun náà, nínú ìwé tí ó parí ní 1377, sọ pé líle koko mọ́ ọmọ máa ń bà á jẹ́, á sọ ọ́ di ọ̀lẹ àti òpùrọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. A kàn gbé e sílẹ̀ ni.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdún kan wà tí mo máa ń ronú lé lórí. 1896 ni. Ní ọdún náà, ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, pẹ̀lú akitiyan Edward Blyden, kí wọ́n lè máa kọ́ Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ọdún náà gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ CMS ti ń kọ́ olùkọ́ gúnlẹ̀ sí Ọ̀yọ́, èyí tí ó di St Andrew's, tí a mọ̀ sí Emmanuel Alayande lónìí. Ẹ wo bí ó ti rí: àwa rí ibi tí a ó ti máa kọ́ ọmọ, àwọn rí ibi tí wọ́n ó ti máa ṣe olùkọ́. Àìdọ́gba yẹn kò tán kíákíá. Nígbà tí òfin ètò ẹ̀kọ́ 1926 dé, tí ó ní kí gbogbo olùkọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀nà tí ó já sí ìwé ẹ̀rí gba inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kọjá.

Ọ̀pọ̀ bàbá wa kò jẹ́ kí ọmọ wọn gba ibẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìtàn Badri bá wọn wí, pé ṣebí àwọn kèfèrí tí wọ́n kó lógun ni wọ́n kọ́ ọmọ Mùsùlùmí mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ìwé kíkọ láti fi ra ara wọn padà. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ẹrú ogun ni àwọn yẹn, wọn kò lè yí orúkọ ọmọ padà. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Lásísì á wọlé ní Jánúárì, á di Láwúrẹ́ǹsì kí ọdún tó parí. N kò lè dá àwọn bàbá náà lẹ́bi tán.

Ìgbà tí ó dùn mí jù ni 1955. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, èyí tí Mínísítà Awókọ̀yà ti gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ láti 1952. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lé ní 450,000 ní 1954; nígbà tí yóò fi di 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Níbo ni wọn ó ti rí olùkọ́? Wọ́n ń kó àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde Standard Six sí kíláàsì. Ẹni tí ó bá ní Grade III, ọ̀gá ni. Grade II, ọ̀gá àgbà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory gbé Markaz, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, wá sí Agége. Wọ́n fi bẹ́ǹṣì àti pátákó ìkọ̀wé rọ́pò ẹní àti wàláà, wọ́n pín ọmọ sí kíláàsì, wọ́n fi ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí sí i. Ìjọba ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì, àwọn kan sì ń kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ní Agége, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin. Ọ̀nà méjèèjì kò pàdé. Ọmọ Standard Six tí kò tíì pé ogún ọdún di tíṣà, ó ń gba owó oṣù. Áfáà tí ó ti kọ́ ọmọ fún ogún ọdún wà lábẹ́ igi ọ̀dán, sàárà ọjọ́ Jímọ̀ ni owó oṣù tirẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àkàsọ̀ ti ń gùn sí i. NCE bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ 1977 wí pé òun ni yóò di ìwé tí ó kéré jù fún olùkọ́, Grade II sì rọra kógbá sílé. Òfin 1993 dá TRCN sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sínú ìwé. Ìdánwò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2017, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá ní ìwé náà kò gbọdọ̀ sí ní kíláàsì mọ́ lẹ́yìn ọdún 2019. Fún wa, NBAIS ní Kaduna ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, nítorí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé ọmọ mọ́dírásà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀nà tí èmi gbà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi gba òkè òkun, ó dé pẹ̀lú dìgírì tí kò ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú, PGDE sì ni afárá tí ó kù fún un.

Ṣé ó tọ́ kí wọ́n béèrè rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n rán wa láti kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ dánra wò ní kíláàsì, mo kọ álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá sójú pátákó, mo ní kí àwọn ọmọ tẹ̀ lé mi. Wọ́n ké e, ilé mì. Inú mi dùn. Olùkọ́ àgbà tí ó ń wò mí láti ẹ̀yìn dìde, ó fi ọwọ́ lé lẹ́tà kan láàárín, ó ní kí ọmọbìnrin kan pè é. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti álífù, ó ń ka á bọ̀ títí ó fi dé ibẹ̀. Kò mọ lẹ́tà náà. Orin ni ó mọ̀. Mo rántí pé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kà á fún ọdún méjì gbáko, ẹgba ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe.

Torí náà mo lọ bá áfáà wa, mo ní wọ́n jàre, wọ́n sì jẹ̀bi díẹ̀. Wọ́n jàre nítorí pé kò sí ẹni tí ó wọn ọdún tí wọ́n fi kọ́ wa lórí òṣùwọ̀n kankan. PGDE náà sì nira fún ẹni tí ó fi Lárúbáwá gba dìgírì: Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, owó ni, ọ̀nà jíjìn sì ni láti ìlú wa tí ó sún mọ́ ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, bí ọmọ ṣe ń ronú, bí a ṣe ń tò ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń mọ̀ pé ó yé e, apá kan nínú rẹ̀ ni Ibn Sahnun ti ń wá láti Qayrawan. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ìwé náà.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi ti san owó àkọ́kọ́, ọjọ́ Sátidé ni ó ń lọ. Títí yóò fi parí, èmi ni mò ń bá a mójú tó àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ ní ọjọ́ náà.