Ẹ̀kọ́ Lẹ́yìn Ìwé Ẹ̀rí: Ìtàn Àwọn Dókítà Ẹran ní Nàìjíríà

Nígbà tí àrùn màlúù tí a ń pè ní rinderpest jà ní ilẹ̀ Hausa ní ọdún 1913 àti 1914, Fúlàní tí ó fi ọrọ̀ sùn fi òṣì jí. Ohun tí oko kòkó jẹ́ fún àgbẹ̀ Oǹdó ni agbo màlúù jẹ́ fún un. Láti dojú kọ irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lórí òkè Jos, ní ọdún 1924.

Àwọn Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ jẹ́ dókítà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wọn pé. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1877 ni àrùn náà ti tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹni tí ó kàwé níbẹ̀ lè má fojú kan màlúù tí ó ń ṣe é rí kí ó tó dé Áfíríkà. Ẹni tí a pè ní dókítà ní London tún wá di ọmọ-iṣẹ́ ní Vom. Walter Plowright gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ní ọdún 1944. Iṣẹ́ ni ó gbé e dé Kenya àti Nàìjíríà, ní Kenya ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó wúlò jù lọ láti lé àrùn náà. Ní ọdún 2011 ni a kéde fún gbogbo ayé pé rinderpest ti parẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kà kí ó tó gba oyè àkọ́kọ́.

Ní Amẹ́ríkà, a ti ń fi ètò sí irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1940, ilé ìwòsàn ẹran Angell Memorial ní Boston bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú àwọn àgbà.

Ọmọ Nàìjíríà, ní tirẹ̀, ní láti wọkọ̀ ojú omi nítorí oyè àkọ́kọ́ pàápàá, títí Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1963, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria sì tẹ̀lé e ní ọdún 1964. Oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé dé lẹ́yìn èyí. Ọ̀nà ìwádìí nìyẹn, ó sì tètè là, nítorí yunifásítì tí ó ń wá olùkọ́ a máa fẹ́ràn ẹni tí ó mọ ìwádìí. Ọ̀nà ti ọwọ́ ni ó pẹ́. Ẹni tí ó lè to eegun ẹṣin tí ó dá, tàbí tí ó lè yọ ọmọ màlúù tí ó há sí ìyá rẹ̀ nínú, kò rí ìgbìmọ̀ tí yóò dán an wò nílé. Àwọn dókítà ènìyàn ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì irú èyí láti ọdún 1979. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 21 kí College of Veterinary Surgeons Nigeria tó dé. Ìdúró náà gùn jù fún orílẹ̀-èdè tí ẹran rẹ̀ pọ̀ tó báyìí.

Ní òde òní, ọ̀dọ́ tí ó lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ dókítà ẹran, tí ó sì fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba rẹ̀, lè yan èyí tí ó wù ú nínú ọ̀nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni ọ̀nà ti ọwọ́ ń gbà, ọmọ-iṣẹ́ sì ní láti jẹun.

Àrùn PPR, tí í ṣe ìbátan rinderpest, ṣì ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn. Kòkòrò rẹ̀ kan tí a rí lára ewúrẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1975 ni a sọ di aláìlágbára, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nigeria 75/1 ni wọ́n ń pè é.