Nígbà Tí Iná Bá Lọ, Kí Ló Kù Nínú Kọ̀ǹpútà Kékeré?

Àtàn-Ọ̀tà ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà tó ti Sángo lọ sí Ìdí-Ìrókò, ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe píọ́ wọ́tà níbẹ̀. Mo bá wọn to kọ̀ǹpútà kékeré kan, oníbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka àpò omi tó bá jáde, kó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ní àpò omi ò pé. Ọmọbìnrin tó ń mójú tó sítọ́ọ̀ ní òun ò mú nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò ní parọ́ mọ́ mi."

A tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò jí. Mẹ́mórì kádì inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ti wọmi. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé eléwé ogójì kan tí ọmọbìnrin náà ń fi báírò kọ iye àpò sí lálaalẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n pè é lólè. A ṣírò rẹ̀, ó pé géérégé.

Ojú tì mí. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ tó yẹ kó rántí wá, òun ló sì gbàgbé. Kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣìṣe, àfi ìgbà tí mo padà sídìí ìtàn.

Oríṣi ìrántí méjì ni kọ̀ǹpútà ní. RAM ni àkọ́kọ́. Ó dà bí àtẹ ìyá ọlọ́jà: ohun tó ń tà lọ́wọ́ ló wà lórí ẹ̀, tí ọjà bá tú, àtẹ á ṣófo. Èkejì ni ibi ìpamọ́. Ìyẹn ni àká, níbi tí a ń kó èrè oko sí kó má bàa bàjẹ́.

Robert Dennard, òṣìṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ló ronú kan irú RAM tí à ń lò lónìí ní 1966. Iná bíńtín ló fi ń rántí nǹkan. Àmọ́ iná yẹn a máa jò, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa bù ú kún lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo ẹ̀ parẹ́ nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Japan, Fujio Masuoka tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba wá ọ̀nà mìíràn. Ní 1984, ó fi ìrántí tí wọ́n ń pè ní flash han aráyé. Ńṣe ló ń há iná mọ́ inú yàrá kékeré tí ògiri rẹ̀ ò jẹ́ kó tètè jò. Iná ilé lè lọ, ìrántí á ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí a bá pa nǹkan rẹ́ tí a sì tún òmíràn kọ, ògiri yẹn ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1999, SanDisk, Toshiba àti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Panasonic jọ gbé SD kádì jáde. Ó dára fún kámẹ́rà àti orin: o ya fọ́tò, o tọ́jú ẹ̀, ó parí. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ àkọtúnkọ láti òwúrọ̀ dalẹ́ yàtọ̀ síyẹn.

Ní 2007, wọ́n kó kọ̀ǹpútà kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ XO fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, l'Ábùjá. RAM rẹ̀ jẹ́ 256 MB, flash 1 GB sì ni àká rẹ̀. Kò ní díìsìkì tó ń yí, torí ọwọ́ ọmọdé lè jù ú mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2012, Raspberry Pi dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dọ́là 35 péré. RAM tiẹ̀ náà jẹ́ 256 MB. Àká ńkọ́? Kò ní! Ihò tí a ó ki SD kádì bọ̀ ló ní. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó pọ́ọ́kú: ẹni tó rà á ni yóò wá àká tirẹ̀.

Ní 2014, àwọn kan náà ṣe Compute Module, èyí tó wà fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Ẹ wá wò ó: wọ́n lẹ flash 4 GB mọ́ ọn lára. Láti ìgbà náà, RAM ń gbòòrò. Ó dé 8 GB ní 2020 lórí Raspberry Pi 4. Ti 2023, Raspberry Pi 5, ní ojú tí a lè so SSD tó yára mọ́. Síbẹ̀, àwa tí a rà á la ṣì ń yan àká.

Ibi tí mo ti kùnà nìyẹn. Ní Àtàn, iná lè lọ kó tún dé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Tí iná bá lọ nígbà tí kádì ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n já gègé gbà lọ́wọ́ akọ̀wé. Tó bá jẹ́ ojú ewé tó ń tọ́ka sí gbogbo ìyókù ló ń kọ, kádì odidi lè di aláìṣeékà. Èmi sì ní kó máa kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, lórí kádì olówó pọ́ọ́kú!

Ní báyìí, kádì ibẹ̀ wà fún kíkà nìkan, ẹ̀rọ ò kọ nǹkan sí i mọ́. Orí RAM ni ìṣirò ń wà, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń kó o lọ sórí SSD tí mo so mọ́ ojú USB. Bátìrì kékeré ń fún un láyè láti palẹ̀ mọ́ kó tó kú. Lálaalẹ́, ó ń fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọbìnrin yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣì ń kọ ìwé eléwé ogójì rẹ̀. Mi ò jẹ́ sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀dù, ẹ má béèrè iye RAM nìkan. Ẹ béèrè ohun tí yóò kù nígbà tí iná bá lọ, torí ó lè jẹ́ orúkọ rere ẹlòmíràn lẹ fẹ́ kó síbẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.